Bí A Ṣe Ń Gba Òdòdó Inú Ilé Lọ́wọ́ Àìsàn Ewé Lásìkò Òjò

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó ń gbé ní Ìyàrà ní ìpínlẹ̀ Kogí pè mí lórí fóònù láàárọ̀ ọjọ́ kan nínú oṣù kẹsàn-án. Bí a ṣe kí "Ọ̀kun o" tán, kò béèrè ọmọ, kò béèrè ọkọ. Ohun tó kọ́kọ́ sọ ni pé pèrègún tó wà ní pálọ̀ òun ń kú lọ. Àpá ti bo àwọn ewé tuntun àárín rẹ̀, àwọn kan ti ń rà. Ó ní kì í ṣe pé òun ò tọ́jú ẹ̀ o, alaalẹ́ ni òun ń fi omi wọ́n ewé rẹ̀ títí á fi máa dán.

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá omi yẹn dúró lónìí. Òun ló ń pa á."

Púpọ̀ nínú àìsàn tó ń fi àpá sára ewé jẹ́ iṣẹ́ fọ́ńgọ́ọ̀sì, ìbátan olú tí à ń tu nínú igbó àti ohun tó ń mú kí búrẹ́dì bu. Eruku tó kéré ju ohun tí ojú lè rí lọ ló fi ń tan ara rẹ̀ ká, eruku náà sì wà nínú afẹ́fẹ́ gbogbo ilé. Tó bá bà lé ewé gbígbẹ, ọ̀pọ̀ jù lọ nínú rẹ̀ kò ní lè ṣe nǹkan kan. Tó bá bà lé ewé tútù, tí omi náà sì pẹ́ kó tó gbẹ, á hù, á sì wọ inú ewé lọ. Èyí tó ń fi àpá dúdú sára ewé róòsì, ó ní láti bá omi lójú ewé fún bíi wákàtí méje kó tó lè wọlé. Omi tí ẹ bá wọ́n sára ewé ní aago méje alẹ́ ṣì lè wà níbẹ̀ títí ilẹ̀ á fi mọ́, pàápàá lọ́dọ̀ wa níhìn-ín, láti Kàbbà dé Ìsánlú dé Ẹ̀gbẹ̀, tí òjò ń rọ̀ láti oṣù kẹrin títí wọ oṣù kẹwàá, tí kùrukùru sì máa ń bo orí òkè láàárọ̀.

Ọ̀rọ̀ kejì tí mo bá ẹ̀gbọ́n mi sọ dùn ún díẹ̀: ewé tó ti ní àpá kò lè padà di tuntun mọ́. Kò sí oògùn tó máa nu àpá náà kúrò. Ewé tó ń bọ̀ lẹ́yìn ni à ń jà fún. Nítorí náà, ẹ má sáré lọ ra oògùn. Ẹ tẹ̀ lé e báyìí.

1. Ẹ yẹ ewé náà wò dáadáa

Ẹ gbé òdòdó náà síta níbi tí ìmọ́lẹ̀ wà, ẹ yí ewé rẹ̀ dà, kí ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀ pẹ̀lú.

Bí àpá bá rí roboto, tó ní àwọ̀ ilẹ̀ tàbí tó dúdú, tí òrùka yẹ́lò sì yí i ká, fọ́ńgọ́ọ̀sì ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí. Ẹ wo àárín àpá náà. Bí àwọn nǹkan dúdú wínníwínní bí orí abẹ́rẹ́ bá wà níbẹ̀, ibẹ̀ ni eruku àìsàn náà ti ń jáde, ẹ má fi ọwọ́ yẹn kan ewé mìíràn kí ẹ tó fọ̀ ọ́. Lára croton, òdòdó tí ewé rẹ̀ máa ń ní oríṣiríṣi àwọ̀, àìsàn náà sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ láti etí ewé, á máa gbẹ bọ̀ wá sáàárín. Lára pèrègún, inú ibi tí àwọn ewé tuntun ti ń yọ, tí omi máa ń dúró sí bí ẹni pọn omi sínú ife, ló ti ń bẹ̀rẹ̀. Ohun tó ṣe ti ẹ̀gbọ́n mi nìyẹn.

Bí ojú ewé bá funfun bí ẹni pé wọ́n ku láfún sí i, tí ìka yín sì lè nù ún kúrò, irú mìíràn nìyẹn. Èyí kò nílò omi lójú ewé rárá. Ibi tí afẹ́fẹ́ ò ti rìn ló fẹ́, tí ọ̀sán gbóná díẹ̀ tí òru sì tutù. Róòsì ló máa ń mú jù lọ.

Bí ẹ̀yìn ewé bá ní eruku pupa rúsúrúsú bí irin tó dógùn-ún, ẹ tètè gé e. Ìbátan irú èyí ló wọ oko kọfí ní Siri Láńkà ní 1869. Ó ba kọfí wọn jẹ́ débi pé nígbà tó yá, tíì ni wọ́n gbìn rọ́pò rẹ̀. Ẹ̀yin tí bàbá yín gbin kọfí ní ilẹ̀ Ìjùmú á mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ewé kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré.

Bí ewé bá dúdú bí ẹ̀yìn ìkòkò tí wọ́n fi igi dáná sí, tó sì ń lẹ̀ mọ́ọ̀yàn lọ́wọ́, kòkòrò ló wà nídìí ẹ̀. Kòkòrò ń mu omi ara ewé, ó ń yàgbẹ́ tó dùn bí ṣúgà sílẹ̀, fọ́ńgọ́ọ̀sì dúdú sì ń hù lórí adùn yẹn. Ẹ wá kòkòrò náà lẹ́yìn ewé àti ní oríkèé igi, ẹ fi aṣọ tí ẹ rì bọ omi ọṣẹ nù wọ́n kúrò. Dúdú náà á tẹ̀ lé wọn lọ.

Àwọn àpá kan wà tí kì í ṣe ti fọ́ńgọ́ọ̀sì. Ibi tó funfun tàbí tó gbẹ níhà kan ṣoṣo, níhà tó kọjú sí fèrèsé, oòrùn ló jó o. Ibi tó rọ̀, tó tutù bí ẹni pé omi rì í, tó sì ń rùn, bakitéríà ló sábà máa ń ṣe é. Oògùn fọ́ńgọ́ọ̀sì ò ràn án, ẹ gé ibẹ̀ dànù, kí ẹ sì jẹ́ kí ewé máa gbẹ.

Bí kò bá dá yín lójú, ẹ mú bíró, ẹ fa ìlà yí etí àpá náà ká lára ewé gan-an. Ẹ padà wò ó lọ́jọ́ kẹrin. Bí àpá bá ti kọjá ìlà, àìsàn náà wà láàyè, ó ń rìn. Bí kò bá kúrò níbi tó wà, ohun àtijọ́ ni, ẹ lè fọkàn balẹ̀. Ọ̀nà yìí ò ná mi ní kọ́bọ̀, ó sì ti gbà mí lọ́wọ́ ríra oògùn tí n kò nílò láìmọye ìgbà.

2. Ẹ yà á sọ́tọ̀

Lọ́jọ́ náà gan-an ni o. Ẹ gbé e kúrò láàárín àwọn yòókù, ẹ má sì gbé e sí abẹ́ òṣọ̀ọ̀rọ̀. Òun ni kí ẹ máa bomi rin kẹ́yìn, nítorí ọwọ́ yín àti aṣọ yín lè gbé eruku náà lọ bá èyí tó lera.

3. Ẹ gé ohun tó ti bàjẹ́

Ẹ dúró de ìgbà tí ewé bá gbẹ. Bí ẹ bá gé e nígbà tó tutù, ńṣe ni ẹ ń fi omi pín àìsàn kiri. Ẹ mú sísọ́ọ̀sì tó mú, ẹ fi spirit tí wọ́n ń tà ní kẹ́míìsì nù ún kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, kí ẹ sì tún nù ún lẹ́yìn ewé kọ̀ọ̀kan tí ẹ bá gé. Àwọn kan máa ń lo ògógóró. Ọtí inú rẹ̀ kì í sábà lágbára tó, spirit ni kí ẹ rà.

Ewé tí àpá ti gba ìdajì rẹ̀, ẹ gé e láti ìdí. Ewé gígùn bíi ti pèrègún tàbí ọjá ìkookò tí orí rẹ̀ nìkan ló bàjẹ́, ẹ lè gé orí náà kúrò, ṣùgbọ́n ẹ gé wọ inú ibi tó ṣì ní àwọ̀ ewé dáadáa, ó kéré tán kí ó fẹ̀ tó ìka kan. Bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin igi bá ti ní àpá, ẹ má gé gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, torí ewé ló fi ń jẹun. Ẹ gé àwọn tó burú jù, kí ẹ dúró títí tuntun á fi yọ, kí ẹ tó padà wá gé ìyókù.

Ẹ ṣa gbogbo ewé tó ti jábọ́ sínú ìkòkò. Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń fojú fo èyí, bẹ́ẹ̀ sì rèé, inú ewé gbígbẹ yẹn ni àìsàn ń sùn sí de òjò tó ń bọ̀. Ẹ dì í sínú ọ̀rá kí ẹ dà á nù, tàbí kí ẹ jó o. Ẹ má dà á sórí ààtàn tí ẹ ti ń kó ilẹ̀ ọlọ́ràá, ẹ má sì jù ú sílẹ̀ fún ewúrẹ́, torí àwọn òdòdó inú ilé kan ní májèlé.

4. Ẹ mú omi kúrò lójú ewé, kí ẹ sì jẹ́ kí afẹ́fẹ́ wọlé

Bí ẹ bá ṣe èyí nìkan, tí ẹ sì fi ìyókù sílẹ̀, ìdajì iṣẹ́ ti parí.

Àárọ̀ ni kí ẹ máa bomi, kì í ṣe alẹ́. Ìdí igi ni kí omi lọ, kì í ṣe orí ewé. Kẹ́tùrù àtijọ́ tó lẹ́nu gígùn dára fún un gan-an, torí ẹnu rẹ̀ á wọ abẹ́ ewé. Kí ẹ tó bomi, ẹ ti ìka bọ ilẹ̀ inú ìkòkò títí dé oríkèé kejì. Bí ó bá tutù níbẹ̀, ẹ fi í sílẹ̀. Láàárín oṣù keje sí oṣù kẹsàn-án, ilẹ̀ inú ìkòkò tó wà nínú ilé lè má gbẹ fún ọ̀sẹ̀ kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mo mọ àwọn ìyá tí wọ́n ń bomi lójoojúmọ́ torí pé ìfẹ́ ni wọ́n fi ń ṣe é. Òdòdó ò mọ̀ pé ìfẹ́ ni, rírà ni gbòǹgbò rẹ̀ ń rà.

Bí omi bá ta sí àárín pèrègún, ẹ tẹ ìkòkò náà ní ẹ̀gbẹ́ kí omi ṣàn jáde, tàbí kí ẹ fi aṣọ fà á gbẹ. Àwo tí ẹ gbé sábẹ́ ìkòkò, ẹ da omi inú rẹ̀ nù lẹ́yìn ìdajì wákàtí.

Lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ àyè. A fẹ́ràn kí òdòdó pọ̀ kó kún fàráńdà bámú, ó máa ń wù mí bẹ́ẹ̀ náà. Ṣùgbọ́n bí ewé ọ̀kan bá ń fọwọ́ kan ewé èkejì, ìrì àárọ̀ ò ní tètè gbẹ láàárín wọn. Ẹ jẹ́ kí ọwọ́ kan lè kọjá láàárín ìkòkò méjì láì kan ewé. Ẹ ṣí fèrèsé láàárọ̀. Bí iná bá wà, ẹ tan fáànù sí apá ibẹ̀ fún wákàtí díẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kó máa fẹ́ lu òdòdó lójú tààrà. Èyí tó wà ní etí fàráńdà, ẹ fà á wọlé tó bí ìgbésẹ̀ ẹsẹ̀ méjì. Omi tó ń ta láti ilẹ̀ bí òṣọ̀ọ̀rọ̀ bá ń kán, tó ń fọ́n ẹrẹ̀ sí abẹ́ ewé, ló ń gbé àìsàn láti ilẹ̀ gorí igi.

Ìyípadà yìí nìkan ni ẹ̀gbọ́n mi ṣe fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ewé mẹ́rin yọ láàárín pèrègún rẹ̀, kò sí àpá kan lára wọn.

5. Ẹ wá lo oògùn, bí àìsàn ò bá dúró

Oògùn yòówù kí ẹ lò, ẹ kọ́kọ́ fín in sára ewé kan ṣoṣo, kí ẹ dúró fún ọjọ́ méjì. Bí ewé náà ò bá jó, ẹ lè fín ìyókù. Iwájú àti ẹ̀yìn ewé ni kí oògùn dé. Ìrọ̀lẹ́ tí oòrùn ti rọlẹ̀ ni mo máa ń fín tèmi, ní bíi aago mẹ́rin sí márùn-ún, kí ewé lè gbẹ kí ilẹ̀ tó ṣú.

Fún èyí tó funfun bíi láfún, ohun inú kíṣìnnì tó. Ẹ po ṣíbí tíì kan bèkìn sódà mọ́ omi lítà kan, ẹ kán ọṣẹ olómi tí a fi ń fọ abọ́ díẹ̀ sí i kí ó lè lẹ̀ mọ́ ewé. Ẹ fín in lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ẹ má rò pé ṣíbí méjì á yá ju ṣíbí kan lọ, iyọ̀ ni, ó máa ń jó ewé, ó sì máa ń kó jọ sínú ilẹ̀ ìkòkò. Kì í sì í ṣe káún o, ẹ má fi káún rọ́pò rẹ̀.

Wàrà náà ń ṣiṣẹ́ sí i. Wagner Bettiol, onímọ̀ kan ní Brazil, tẹ àbájáde ìwádìí rẹ̀ jáde ní 1999 pé wàrà màlúù tí a bù mọ́ omi dẹ́kun àìsàn funfun yìí lára ẹ̀yà elégédé kan. Ìwọ̀n kan wàrà tútù sí ìwọ̀n mẹ́sàn-án omi ni kí ẹ pò. Ẹ lè rà á lọ́wọ́ àwọn Fúlàní, ṣùgbọ́n èyí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fún láàárọ̀ ni o, kì í ṣe nọ̀nọ̀ tó ti kan. Àárọ̀ ni wọ́n ń fín in, torí oòrùn ló ń jẹ́ kó ṣiṣẹ́. Òórùn rẹ̀ lè má dára nínú ilé, nítorí náà ẹ gbé òdòdó síta.

Òróró dóńgóyárò náà dára fún èyí tó funfun, ó sì ń lé kòkòrò. Ṣíbí tíì kan sí omi lítà kan, pẹ̀lú ọṣẹ díẹ̀, kí ẹ máa gbọn ìgò náà bí ẹ ti ń fín in torí òróró máa ń léfòó. Ẹ má fín in nígbà tí oòrùn ń mú.

Fún àpá dúdú àti àpá aláwọ̀ ilẹ̀ tí kò dúró, oògùn tí wọ́n fi bàbà (copper) ṣe ni mo fọkàn tán jù. Ìtàn rẹ̀ dùn. Ní ilẹ̀ Faransé, nítòsí ìlú Bordeaux, àwọn tó ń gbin àjàrà máa ń wọ́n àdàlù aláwọ̀ búlúù sára àjàrà tó wà létí ọ̀nà kí àwọn tó ń kọjá má baà já a jẹ. Pierre Millardet kíyè sí i pé àìsàn ewé ò mú àwọn àjàrà etí ọ̀nà yẹn, ó ṣèwádìí rẹ̀, ó sì kéde àdàlù náà fún ayé ní 1885. Bàbà àti ẹfun ilé ló wà nínú rẹ̀. Ìran oògùn yẹn ni àwọn àgbẹ̀ wa ń fín sára kòkó dòní, nítorí àìsàn tó ń mú ọmọ kòkó dúdú lórí igi. Nítorí náà, kò ṣòro láti rí ní ṣọ́ọ̀bù àwọn tó ń ta oògùn oko.

Ṣùgbọ́n oògùn kòkó yẹn gan-an ni mo fi jó croton mẹ́ta. Mo bu èyí tó kù nínú ike bàbá mi, mo pò ó bí wọ́n ṣe ń pò ó fún oko, mo sì fín in lọ́sàn-án gangan. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ kejì, etí gbogbo ewé ti gbẹ. Ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sára ike, kí ẹ lo ìwọ̀n tó kéré jù tí wọ́n gbà yín láyè láti lò, ẹ má sì fín in nígbà tí ojú ọjọ́ bá ṣú tí ewé ò ní tètè gbẹ, torí ìgbà yẹn gan-an ni bàbà máa ń jó ewé.

Mancozeb, oògùn fọ́ńgọ́ọ̀sì mìíràn, náà pọ̀ lọ́jà, ó sì lágbára. Èmi ò gbé e wọ ilé. Àjọ ìṣọ̀kan Yúróòpù kọ̀ láti tún àṣẹ rẹ̀ ṣe ní 2020 nítorí ìlera èèyàn. Bí ó bá di dandan fún yín, ìta ni kí ẹ ti fín in, pẹ̀lú ìbọ̀wọ́ àti ìbòmú, kí ọmọdé má sí nítòsí, kí ẹ sì rí i pé nọ́ńbà NAFDAC wà lára ike. Kò sí èyí tí ẹ gbọ́dọ̀ fín nínú oògùn bàbà tàbí mancozeb sára efinrin tí ẹ gbìn sínú ìkòkò fún ọbẹ̀. Efinrin tó bá ṣàìsàn, ẹ gé e mọ́lẹ̀, á tún rúwé.

Ẹ ó gbọ́ pé kí ẹ da eérú sí i. Eérú kì í pa àìsàn ewé. Bó bá pọ̀ nínú ìkòkò kékeré, ilẹ̀ ibẹ̀ á korò fún gbòǹgbò.

6. Ìkòkò àti ilẹ̀

Bọ́kẹ́ẹ̀tì pẹ́ńtì dára fún òdòdó, kí ihò mẹ́rin tàbí márùn-ún ṣáà ti wà nídìí rẹ̀. Ilẹ̀ oko nìkan máa ń dì gbagidi nínú ìkòkò, nítorí náà mo máa ń po ìwọ̀n méjì ilẹ̀ dúdú mọ́ ìwọ̀n kan yanrìn odò àti ìwọ̀n kan ìgbẹ́ màlúù tó ti jẹrà dáadáa. Kí n tó lò ó, mo máa ń rin ín, mo máa ń tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ nínú oòrùn, kí n fi ọ̀rá tó mọ́ gaara bò ó fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ooru abẹ́ ọ̀rá yẹn á pa púpọ̀ nínú ohun búburú inú rẹ̀.

Ìkòkò tí òdòdó ti kú sínú rẹ̀, ẹ fọ̀ ọ́, kí ẹ rì í sínú omi tí ẹ po bílíìṣì sí, ìwọ̀n kan sí mẹ́sàn-án, fún ìdajì wákàtí. Ẹ ṣan án, ẹ sá a gbẹ.

7. Ọyẹ́, àti òdòdó àlejò

Nígbà ọyẹ́, àpá máa ń dín kù, eruku á sì bo ewé. Ẹ fi aṣọ tútù nu ewé láàárọ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí aṣọ tí ẹ fi nu èyí tó ṣàìsàn má kan òmíràn. Ẹ máa wo róòsì lákòókò yìí nítorí èyí tó funfun.

Òdòdó tí ẹ bá rà létí títì ní Lọ́kọ́jà, tàbí tí àna yín gé fún yín láti Mọ̀pà, ẹ má gbé e lọ bá àwọn ti ilé. Ẹ fi í sí yàrá mìíràn fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, kí ẹ máa wo ẹ̀yìn ewé rẹ̀. Bí àlejò náà bá gbé nǹkan wá, á ti hàn kí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó pé.

8. Bí ìdí igi bá ti rà

Bí ìdí pèrègún tàbí money plant, òdòdó tó ń fà bí okùn, bá ti dúdú, tó rọ̀ bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó pọ́n jù, oògùn ewé ò lè gbà á mọ́. Òkè rẹ̀ ni kí ẹ sáré gbà. Ẹ gé e níbi tí inú igi ti funfun tí kò ní ìlà dúdú kankan, kí ó gùn tó ìbú ọwọ́ méjì. Ẹ jẹ́ kí ojú ọgbẹ́ rẹ̀ gbẹ fún ọjọ́ kan nínú ibòòji. Ẹ gbìn ín sínú ìkòkò tí ẹ ti fọ̀, nínú ilẹ̀ tuntun tó tutù díẹ̀, níbi tí ìmọ́lẹ̀ wà tí oòrùn ò ti ràn tààrà. Ẹ da ilẹ̀ àtijọ́ jìnnà sí ọgbà. Bí ẹ bá fà á díẹ̀ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà tí kò fẹ́ jáde, ó ti ta gbòǹgbò nìyẹn.